Ṣé Ilẹ̀ Ni A Ó Dá Lẹ́bi?

Nínú ìwé Àìsáyà orí karùn-ún, ẹni tó ni ọgbà àjàrà kan béèrè ìbéèrè tí kò rọrùn láti dáhùn. Ó ti tú ilẹ̀ náà, ó ti ṣa òkúta inú rẹ̀ kúrò, ó ti gbin àjàrà tó dára jù sí i, ó kọ́ ilé ìṣọ́ sáàárín rẹ̀, ó sì gbẹ́ ibi ìfúntí síbẹ̀. Nígbà tí ìkórè tó, èso kíkan ló bá. Ó wá ní kí àwọn ènìyàn ṣe ìdájọ́ láàárín òun àti ọgbà náà: kí ló kù tí òun ìbá ṣe tí òun kò ṣe?

Ẹ̀yin ará, ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ kà sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀sùn. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa òkúta ló ń bi ọgbà léèrè èso. Àwa a máa yí i padà. Èso ni a kọ́kọ́ ń wá. Bí a kò bá rí i, a ti dá ilẹ̀ lẹ́bi kí a tó rántí pé a kò gbé ọkọ́ débẹ̀ rí.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí mi lọ́kàn ni ìpàdé kan tí àwa tí a ti jáde ṣe lọ́dún tó kọjá. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí a ti ń dá owó jọ láti ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí agbára òbí wọn kò ká owó ilé-ìwé lọ́wọ́. Owó náà kò pọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti kùnà ní sẹ̀mẹ́sítà méjì léraléra, kò wá sí ìpàdé àdúrà mọ́, bí a bá sì pè é lórí fóònù, kì í wọlé. Arákùnrin kan tí mo bọ̀wọ̀ fún dìde, ó ní, “Ẹ̀yin ará, Olúwa fúnra rẹ̀ ló sọ pé oríṣi ilẹ̀ mẹ́rin ló wà. Ilẹ̀ àpáta ni ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ kí a kó irúgbìn wa lọ síbi tí yóò ti hù.” Ọ̀pọ̀ nínú wa mi orí. Ọ̀rọ̀ náà sì ní ọgbọ́n nínú, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ méjì mìíràn wà tí wọ́n ń retí owó yẹn.

Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ju ti owó lọ. Bí ènìyàn kò bá so èso, ta ni a ó dá lẹ́bi? Bí ó bá sì so èso, ta ni ìyìn tọ́ sí? Ìmọ̀ ilẹ̀ ni mo kà ní yunifásítì, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ti fi ilẹ̀ ṣe àkàwé, mo máa ń tẹ́tí dáadáa. Kí n tó sọ èrò mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ilẹ̀ gan-an kọ́ mi, kí n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ń gbé.

Omagwa ni mo ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkwerre, Ìpínlẹ̀ Rivers. Ẹni tó bá ti wọ bàálù wá sí Port Harcourt rí ti dé Omagwa, bí kò tilẹ̀ mọ̀, nítorí ibẹ̀ ni pápákọ̀ òfurufú wà. Bí ènìyàn bá wo ilẹ̀ ibẹ̀ lóréfèé, yóò rò pé kò lábùkù: ó pupa, ó jìn, kò sí òkúta nínú rẹ̀, ọkọ́ a sì máa wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n iyanrìn ló pọ̀ jù lókè rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni amọ̀ wà. Òjò tó ń rọ̀ síbẹ̀ ju 2,000 mìlímítà lọ lọ́dún, láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ló sì ti ń fọ oúnjẹ inú ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, síbi tí gbòǹgbò àgbàdo kò lè dé. Èyí tó kù lókè kan. Nínú irú ilẹ̀ kíkan bẹ́ẹ̀, èròjà aluminium tó wà nínú amọ̀ a máa yọ́ sínú omi ilẹ̀, a sì máa ṣe gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn tí kò mọ́ lára ní ìjàm̀bá.

Ẹni tó bá gbin àgbàdo síbẹ̀ láìfi nǹkan kan tọ́jú ilẹ̀ náà, tó rí i tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, yóò sọ pé ilẹ̀ náà kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀pẹ. Lórí ilẹ̀ kíkan yìí gan-an ni ọ̀pẹ ti ń ṣe dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa epo rọ̀bì níbẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe gbogbo agbègbè náà ní Oil Rivers; epo pupa ni wọ́n ń wí. Nígbà tí ìjọba amúnisìn sì dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní 1939, ẹ̀bá ìlú Benin ni wọ́n gbé e sí, lórí irú iyanrìn kíkan bẹ́ẹ̀. Ibùdó yẹn ló di NIFOR ní 1964. Ilẹ̀ tí àgbàdo ń sunkún lé lórí ni ọ̀pẹ ń dúpẹ́ lé lórí.

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí ilẹ̀ gíga lọ sí àkùrọ̀ ẹ̀bá odò, ilẹ̀ ti yí padà. Ẹrẹ̀ dúdú ni, omi a sì máa dúró sí i fún oṣù púpọ̀. Ọ̀pẹ kì í fẹ́ kí omi dúró sí òun nídìí, ṣùgbọ́n ilé igi ògùrọ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹmu agbègbè yìí fi jẹ́ oríṣi méjì, ti orí ilẹ̀ gíga àti ti inú àkùrọ̀. Ẹ má fòyà o. Ilẹ̀ ni mo ń ròyìn, n kò pe ẹnikẹ́ni síbi agbè.

Ẹ tún sún síwájú sí i, sí ìhà Bonny níbi tí omi iyọ̀ ti ń wọlé tó ń jáde, ẹ ó bá àwọn igi mangrove tí gbòǹgbò wọn yọ sókè nínú ẹrẹ̀. Imí ọjọ́ wà nínú ẹrẹ̀ náà. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá bò ó, kò ṣe nǹkan kan. Ẹja àti edé ń pamọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá la kòtò, tó fa omi rẹ̀ gbẹ nítorí ó fẹ́ kó di oko bíi ti Omagwa, afẹ́fẹ́ yóò kan imí ọjọ́ náà, yóò sì di ásíìdì tó lè pa ohun tí a bá gbìn. Ilẹ̀ náà kò ṣẹ̀. A fipá mú un láti jẹ́ ohun tí a kò dá a láti jẹ́ ni.

Kí ẹ má baà rò pé ilẹ̀ Rivers nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo Faransé, níbi tí wọ́n ti ń fi ojú ilẹ̀ ya ọgbà àjàrà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àgbẹ̀ wa yóò rò pé ilẹ̀dú ọlọ́ràá ni wọ́n gbin àjàrà tó níye lórí jù sí. Rárá o. Ní Médoc, lẹ́bàá ìlú Bordeaux, òkúta wẹ́wẹ́ tí odò gbé wá ló kún ilẹ̀. Omi kì í dúró nínú rẹ̀, oúnjẹ inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n to ọgbà àjàrà pupa ibẹ̀ sí ipò-ipò ní 1855, Médoc ló kó ipò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní òdìkejì omi, ní Pomerol, amọ̀ ni wọ́n ní. Irú àjàrà tí wọ́n ń pè ní Merlot ló mọ̀ ọ́n gbé, nígbà tí Cabernet Sauvignon fẹ́ràn òkúta wẹ́wẹ́ tó máa ń gbóná. Ní Champagne, ilẹ̀ ẹfun funfun ni. Ní Chablis, ilẹ̀ ẹfun tó lù mọ́ amọ̀ ni, ìkarahun àwọn ẹran omi kéékèèké sì kún inú rẹ̀, nítorí òkun ti bo ibẹ̀ rí. Bí a bá sì gbin àjàrà sí ilẹ̀ ọlọ́ràá jù, ewé ló máa ń ta ṣáá. Èso rẹ̀ lè pọ̀, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ a máa dín kù.

Láti àwọn ọdún 1860, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní phylloxera, tó ti Amẹ́ríkà wá, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbòǹgbò àjàrà Faransé. Ó pa ọgbà run láti agbègbè dé agbègbè. Ṣùgbọ́n àwọn àjàrà tó wà nínú iyanrìn etí òkun níhà gúúsù, lágbègbè Aigues-Mortes, wà láàyè, nítorí kòkòrò náà kò lè ráyè gbé inú iyanrìn. Ilẹ̀ tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí ló di ibi ààbò. Ní ti àwọn ilẹ̀ yòókù, ńṣe ni wọ́n lọ́ ẹ̀ka àjàrà Faransé mọ́ gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà tí kòkòrò náà kò lè pa. Ìṣòro mìíràn tún yọjú: púpọ̀ nínú gbòǹgbò àjèjì náà kò lè gbé inú ilẹ̀ ẹfun, ewé wọn ń pọ́n, wọ́n ń kú. Ní 1887, wọ́n rán onímọ̀ kan, Pierre Viala, lọ sí Amẹ́ríkà láti wá èyí tó lè gbé e. Ní Texas, níbi tí ilẹ̀ ẹfun wà bíi tiwọn, ni wọ́n ti rí ojútùú. Wọn kò sọ pé ilẹ̀ ẹfun ti di ẹni ègún. Wọ́n la òkun kọjá láti wá gbòǹgbò tó bá a mu.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí àkàwé afúnrúgbìn nínú Mátíù orí kẹtàlá, ìyẹn èyí tí arákùnrin wa fà yọ. Bí mo ṣe ń kà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti gbẹ́ ilẹ̀ wò, mo rí i pé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní ìtàn. Ẹ̀bá ọ̀nà le nítorí pé ẹsẹ̀ ènìyàn ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le. Ilẹ̀ orí àpáta kì í ṣe ilẹ̀ búburú. Ilẹ̀ tí kò jìn ni. Ilẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ńkọ́? Ilẹ̀ tí ẹ̀gún bá hù sí dáadáa lọ́ràá! Ohun tó ṣe é ni pé ohun mìíràn ti gba oúnjẹ ibẹ̀ mọ́ irúgbìn lọ́wọ́. Olúwa ròyìn bí ilẹ̀ ṣe wà lọ́jọ́ tí irúgbìn bọ́ sí i. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí ayé. Bí kò bá ṣeé yí padà ni, Jeremáyà orí kẹrin kì bá tí pàṣẹ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n tú ilẹ̀ wọn tí a kò ro, kí wọ́n má sì fúnrúgbìn sáàárín ẹ̀gún.

Màmá onílé mi, ọmọ Ìkwerre tí orí wọn ti funfun, kò ka ìwé ìmọ̀ ilẹ̀ kankan. Wọ́n ní ibì kan lẹ́yìnkùlé tí ugu wọn ti máa ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ti aládùúgbò ń pọ́n. Mo bi wọ́n bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ yàtọ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ibẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo délé ọkọ.” Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da eérú ààrò àti ìgbẹ́ adìyẹ sí láti bí ọgbọ̀n ọdún. Eérú a máa pa kíkan ilẹ̀, ìgbẹ́ adìyẹ a sì máa bọ́ ọ. Iyanrìn Omagwa kan náà ni. Ọwọ́ tó kàn án ló yàtọ̀.

Nítorí náà, bí a bá dé orí ilẹ̀ tí kò so èso, mo mọ ìdí mẹ́ta tó yẹ kí a wádìí kí a tó dá a lẹ́bi. Àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ pé ohun tí a gbìn sí i kọ́ ló bá a mu. Èkejì, ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló bà á jẹ́. Ẹ wo ilẹ̀ Ògóni, tí kò jìnnà sí wa. Ní 2011, àjọ UNEP ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde: ní ọ̀pọ̀ ibi, epo rọ̀bì ti wọ inú ilẹ̀ lọ dé mítà 5, ó sì ti dé inú omi tí àwọn kan ń mu. Iyanrìn tó jẹ́ kí omi òjò wọlé wẹ́rẹ́ náà ló jẹ́ kí epo wọlé wẹ́rẹ́. Ta ló jẹ́ dúró síbẹ̀ kí ó sọ pé ilẹ̀ Ògóni kò dára? Bẹ́ẹ̀ sì ni a máa ń ṣe sí ọmọ tí wọ́n bà láyé jẹ́ nílé kí ó tó wọ yunifásítì. Bí a bá rí i tó ń bínú, tí kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, a ní ọkàn rẹ̀ le.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ: “Ènìyàn kì í ṣe ilẹ̀. Ilẹ̀ kò ní ìfẹ́ inú, ènìyàn ní. Bí a bá ń wá ìdí fún gbogbo nǹkan, ta ló máa ronú pìwà dà?” Òtítọ́ ni, n kò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ni ilẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa sì tún ni àgbẹ̀. Jeremáyà kò pàṣẹ fún ilẹ̀; àwọn tó ni ín ló pàṣẹ fún. Ọmọ tó jẹ́ pé inú ìṣẹ́ ni wọ́n bí i sí kò yan ìṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá ṣe pẹ̀lú ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, Ọlọ́run yóò sì bi í. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìbéèrè méjì ni, a kò gbọ́dọ̀ pò wọ́n pọ̀. Ohun tí ó ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀, Ọlọ́run tó mọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà ni yóò ṣèdájọ́ rẹ̀. Ohun tí àwa ṣe nígbà tí a dé etí oko rẹ̀, tiwa nìyẹn, a kò sì lè fi ẹ̀bi rẹ̀ dáhùn nígbà tí wọ́n bá bi wá.

Ìbéèrè kejì le ju ìyẹn lọ: irúgbìn kò pọ̀. Àgbẹ̀ tó bá ń da irúgbìn rẹ̀ sórí àpáta lọ́dọọdún, ebi ni yóò pa ilé rẹ̀. Lúùkù orí kẹtàlá ló ràn mí lọ́wọ́ níhìn-ín. Olóko wá èso lórí igi ọ̀pọ̀tọ́ fún ọdún mẹ́ta, kò rí, ó ní kí wọ́n gé e. Olùtọ́jú ọgbà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi í sílẹ̀ lọ́dún yìí sí i, kí òun fi gbẹ́ ìdí rẹ̀, kí òun sì fi ajílẹ̀ sí i. Bí kò bá so lẹ́yìn náà, kí ó gé e. Ọkùnrin yìí kò sọ pé èso kò ṣe pàtàkì, kò sì sọ pé kí wọ́n dúró títí láé. Ó dá àkókò, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sínú àdéhùn náà. Ọdún kan tí kò ní ọkọ́ nínú kì í ṣe sùúrù, àfojúfò ni. Ẹni tó bá fẹ́ gé igi gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ rẹ̀ hàn pé ilẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Nínú ìpàdé wa, ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún kò ju èyí lọ: kí ẹnìkan lọ wo ilẹ̀ náà kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Arábìnrin kan tó ń gbé nítòsí ilé-ìwé náà gbà láti lọ. Ohun tó bá nìyí: bàbá ọmọ náà ti kú, ó sì ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé búrẹ́dì láti fi owó ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta. Ó ti ta fóònù rẹ̀. Ní kíláàsì, oorun ló ń sùn. Arákùnrin tó ní ilẹ̀ àpáta ni gbọ́ ìròyìn náà, ó sì dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Kì í ṣe àpáta. Ẹ̀gún ni.” Àníyàn ayé yìí, gẹ́gẹ́ bí Olúwa ṣe túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àpáta ṣòro fún ènìyàn láti gbé, ṣùgbọ́n ọwọ́ lè fa ẹ̀gún tu, bí ó tilẹ̀ máa gún un.

Ó gún wa. A ní láti fi kún owó tí a ń dá kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì yẹn má baà pàdánù, kí ọmọ yìí sì lè fi iṣẹ́ òru sílẹ̀. Arábìnrin náà ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọdún kan ni a dá, a sì sọ fún un ní gbangba pé ọdún kan ni, kí òun náà lè gbé ọkọ́ tirẹ̀. Ọdún náà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Bí ó bá so, a ó dúpẹ́. Bí kò bá so, a ó ṣe ìpinnu pẹ̀lú ọwọ́ tó dọ̀tí.

Ó ku ẹ̀yin tí ọgbà yín ń so, pàápàá àwa tí a ti jáde, tí a níṣẹ́ lọ́wọ́. Bí iṣu ẹni bá ta, à ń fọwọ́ bò ó jẹ ni. Tiwa ni pé a máa ń gbé e sókè kí gbogbo ayé lè rí i, a ó sì ní ojú oorun wa ni a fi gbà á. Ṣé àwa la da eérú ọgbọ̀n ọdún síbi tí a hù sí? Ìyá kan wà tó jí wa fún àdúrà, olùkọ́ kan wà tó fún wa ní ìwé, arákùnrin àgbà kan nínú fẹ́lóṣíìpù yìí ló san owó ìdánwò wa. Pọ́ọ̀lù bi àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí ni wọ́n ní tí wọn kò gbà. Ìbéèrè kan náà tó mú wa ṣàánú ẹni tí kò so ló yẹ kó mú wa rẹ ara wa sílẹ̀ nígbà tí a bá so.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún fẹ́ pe ẹnìkan ní ilẹ̀ àpáta, yálà ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan náà ni, tàbí àbúrò yín nílé, tàbí ẹ̀yin fúnra yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè: kí la gbìn síbẹ̀? Ta ló ti tọ́jú rẹ̀? Ta ló ti bà á jẹ́? Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ́. Kí Olúwa oko, tó kọ́kọ́ ṣa òkúta kí ó tó béèrè èso, fún wa ní ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹnu tó ń lọ́ra láti dáni lẹ́bi. Àmín.